Ìfẹ́ Wo Lo Ń Wí?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, yálà Òkè-Báálẹ̀ ní Òṣogbo ni ẹ ń gbé tàbí Ìsọ̀kùn ní Iléṣà, ẹ tẹ́tí sí àwọn ọmọ yín nírọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ ohun tí mo ń wí. Ọmọ "love" indomie. Ó "love" Arsenal. Ó "love" Jésù. Ó "love" bàtà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ wọ̀ wá sílé ìwé lánàá. Tó bá fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, á ní "I love you, Mummy", kí Mummy tó rí èsì fọ̀, ó ti gé e. Oúnjẹ, bọ́ọ̀lù, Olúwa, bàtà àti ìyá tó bí i, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi kí gbogbo wọn.

Èmi kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Àwọn tó ni èdè náà mọ bí wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Leeds: aláìsàn tí wọn kò rí rí lè wí fún wọn pé "thank you, love", kò sì sí ohun kan lábẹ́ rẹ̀ ju "ẹ ṣeun" lọ. Ẹni tó bá ń wo tẹ́níìsì á gbọ́ tí wọ́n ń pe "fifteen-love", òdo sì ni "love" túmọ̀ sí níbẹ̀, pé ẹnì kejì kò tíì jẹ ayò kankan. Ọmọ onílẹ̀ ń fi ojú, ohùn àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ mọ èyí tí wọ́n ń bá a sọ. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ọmọ tiwa rí kó nínú fíìmù àti TikTok. Ojú àti ohùn tó ń bá ọ̀rọ̀ náà rìn kù sílé onílé.

Àwọn onígbàgbọ́ láàrin wa ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ rí pé Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún ìfẹ́: ti òbí sí ọmọ lọ́tọ̀, ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ lọ́tọ̀, ti ọkùnrin àti obìnrin tí ara wọn ń fà síra lọ́tọ̀, ti Ọlọ́run tí kì í wojú lọ́tọ̀. C. S. Lewis kọ odidi ìwé lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ní 1960. Ohun tí n kì í sábà gbọ́ lórí àga ìwàásù ni pé Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò fojú fo ìyàtọ̀ náà níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ṣí Jòhánù orí 21, níbi tí Jésù ti bi Pétérù léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nínú Bíbélì Mímọ́ tí àwọn ìyá wa ń lò, "fẹ́" ni Jésù fi béèrè lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, "fẹ́ràn" ni Pétérù sì fi ń dáhùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Jésù fúnra rẹ̀ wá bá a níbi "fẹ́ràn". Ẹni tó túmọ̀ ibẹ̀ kò sùn lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Mùsùlùmí wa, tí wọ́n pọ̀ ní Òṣogbo, mọ̀ pé nígbà tí Kùránì ń sọ̀rọ̀ tọkọtaya nínú Súrà Ar-Rúùm, ohun méjì ló dárúkọ pé Ọlọ́run fi sáàrin wọn, mawaddah àti rahmah, ìfẹ́ àti àánú. Ẹni tó ti pẹ́ nílé ọkọ mọ ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì.

Ṣùgbọ́n ká má tìtorí ìyẹn máa yangàn pé èdè tiwa ló jinlẹ̀ jù. "Fẹ́" tiwa náà ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Mo fẹ́ mu omi, mo fẹ́ owó, mo fẹ́ ọmọ Lágbájá, kò sí ìyàtọ̀ lẹ́nu. Àwọn àgbà tó ní ẹni a fẹ́ la mọ̀, a kò mọ ẹni tó fẹ́ni, ti rí i pé ẹnu kò tó fi ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà ni wọn kò ṣe fi lé ẹnu nìkan lọ́wọ́. Ara ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, àti orúkọ.

Ẹ wo oríkì àbísọ tí àwọn ìyá wa àgbà ń fún ọmọbìnrin. Àbẹ̀kẹ́: a bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Àjíkẹ́: bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun la jí kẹ́. Àṣàkẹ́: a ṣà á nínú ọ̀pọ̀ láti kẹ́. Àdùkẹ́: gbogbo ilé ló ń du ẹni tí yóò kẹ́ ẹ. Àníkẹ́ ń bẹ, Àmọ̀kẹ́ ń bẹ, Àkànkẹ́ ń bẹ. Kí ọmọ tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, wọ́n ti so kẹ́ mọ́ ọn lórúkọ. Ẹni tó bá sì rò pé ẹwà orúkọ lásán ni Àbẹ̀kẹ́, kó lọ sí etí odò Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, lọ́jọ́ tí Arugbá ń gbé igbá lọ, kó wo àwọn obìnrin tó ń bu omi sínú ike àti kẹ́ẹ̀gì, kó wo ojú wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní fẹ́ kí n dárúkọ ibẹ̀, nítorí ìjọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ wẹ̀. Ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ni mo ní kí ẹ wò.

Kẹ́ yìí yàtọ̀ pátápátá sí "love" ti indomie. Bí ó ti wù kí ẹ fẹ́ràn Arsenal tó, ẹ kò lè kẹ́ wọn, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ yín. Ẹni tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó là ń kẹ́. À ń wẹ̀ ẹ́, à ń fi àdí pa á lára, à ń pọ̀n ọ́n, à ń sọ ọ́ sókè tí a ń hán an, à ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí kò tíì lè fèsì, à ń kì í bó bá ń sunkún. Àkókò ni kẹ́ ń jẹ. Àjèjì pàápàá lè jẹ nínú rẹ̀. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, Àdùnní ni Òṣogbo sọ ọ́, ẹni tó dùn láti ní. Ó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, ó sì bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú tún ojúbọ igbó Ọ̀ṣun ṣe, igbó tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 tó kú, Òṣogbo náà ló kú sí. Ohun yòówù kí ẹ rò nípa ẹ̀sìn rẹ̀, wọ́n pè é ní ẹni tó dùn láti ní, ó sì dúró tì wọ́n.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká yíjú sí ọmọkùnrin. Oríkì tirẹ̀ dà? Àjàní, Àjàgbé: ìjà ló wà nínú ìwọ̀nyí, a jà kí a tó ní in, a jà kí a tó gbé e. Àyìndé: ìyìn. Àlàbí, Àkànní, Àlàó, Ìṣọ̀lá. Mo ti wá kẹ́ káàkiri inú oríkì ọmọkùnrin, n kò rí i. Bóyá ẹ̀yin mọ ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́. Èmi kò ní àwọn baba ńlá wa kò fẹ́ràn ọmọkùnrin; ta ló tún fẹ́ ẹ jù wọ́n lọ? Ìfẹ́ náà kàn gba ọ̀nà ibòmíràn yọ sí i ni. Wọ́n jà nítorí rẹ̀, wọ́n sì ń retí kí òun náà jà nítorí wọn. Ọmọ ọdún méje ṣubú, ó fi orúnkún bó, a ní ọkùnrin kì í sunkún. Nígbà tó bá fi pé ọmọ ọdún méjìlá, ọwọ́ tó ń kàn án lára nínú ilé kò ju ọwọ́ tó mú pàṣán lọ. Kò sí ẹni tó ń bi í bí oorun alẹ́ àná ti rí. Ipò tó gbé nínú ìdánwò là ń bi í.

Ẹ óò ní àwọn bàbá wa náà kò sọ "I love you" fún wa, a sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn wa. Òótọ́ ni. Bàbá tó jẹun tán, tó dá ẹran kan sí ìsàlẹ̀ àwo fún ọmọ tí yóò wá kó àwo, kò sọ̀rọ̀, ọmọ sì gbọ́ ọ. Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà tún ní tiwa. Àwọn ọṣọ́mààló ru aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n fi àwìn tà á, wọ́n padà lọ gba owó. Bí onígbèsè bá ń yẹ̀ wọ́n, wọ́n lóṣòó síwájú ilé rẹ̀ títí yóò fi san án. Ó lè tó oṣù mélòó kan kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ tó fojú kan ilé. Owó tó lóṣòó gbà yẹn ló ń di owó ilé ìwé. Irú owó bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará ìlú ń dá fún Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe, ẹgbẹ́ tó dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Bí èyí kò bá jẹ́ ìfẹ́ ìlú, mi ò mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

Mo ń yìn wọ́n, ṣùgbọ́n n kò ní dákẹ́ lórí apá kejì. Ọmọ ọṣọ́mààló mọ owó bàbá rẹ̀ ju bó ti mọ bàbá rẹ̀ lọ. Nínú ilé tí ìyá àgbà wà, tí ìyá wà, tí àbúrò bàbá wà, kò ṣe nǹkan kan, nítorí ẹni tó ń kẹ́ ọmọ pọ̀ níbẹ̀. Lónìí ńkọ́? Ìyá àgbà wà ní abúlé. Alẹ́ ni ìyá ń ti ibi iṣẹ́ tàbí ọjà wálé. Àbúrò bàbá wà ní Canada. Gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ ọmọ nínú ìfẹ́ àwọn àgbà ni apá tó jẹ́ owó. Bí alert báǹkì bá ti wọlé, ìfẹ́ ti wọlé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ìwòsàn Wesley Guild díẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ tí àwa tí à ń gbé ìtòsí ti gbàgbé. Ní àárín ọdún 1950 sí 1960, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn náà ní Iléṣà, ó sì ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé láti tọ pinpin bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń kú nígbà náà lọ́wọ́ èéyi, ikọ́ àhúbì, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunkánú. Àwọn ìyá wọn kò ṣàìfẹ́ràn wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ lè ti máa rù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ojú ìyá tó ń rí i lójoojúmọ́ tó mọ̀. Morley ní kí wọ́n máa gbé ọmọ wá wọ̀n lóṣooṣù, bí ara rẹ̀ dá, bí kò dá. Wọ́n ń fi àmì sí orí káàdì, wọ́n sì ń fa ìlà láti àmì kan sí èkejì. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bó bá dúró gbọnrangandan, a ti mọ̀ kí àìsàn tó fara hàn.

Ibi tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìyá ni wọ́n fún ní káàdì mú lọ sílé. Ilé ìwòsàn kò tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ tirẹ̀. Obìnrin oko, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí kò mọ̀wé, wọ́n fọkàn tán an pé yóò pa á mọ́, ó sì pa á mọ́. Láti Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì yẹn ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Èyí tí ẹ̀yin náà mú dání nígbà tí ẹ ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ẹbí rẹ̀ ni. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn kankan lórí rẹ̀. Ọjọ́ ni, ìwọ̀n ni, ìlà ni. Mo rò pé bí wọ́n bá ní kí n fi ohun kan han àwọn ọmọ wa pé ìfẹ́ ìyá nìyí, káàdì yẹn ni màá nà sí wọn.

Kí ló wá dé tí ẹ̀yin òbí ọmọ ọdún márùndínlógún, ọmọ ogún ọdún, ẹ kò wọn nǹkan kan mọ́? Ọmọ ń rù nínú lọ́hùn-ún, ẹ kò mọ̀. Tàbí ó ń sanra lójijì, ẹ kò béèrè.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin kan wà nínú yàrá ní aago méjì òru. Kò sùn. Ní New York, aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, opó kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ti jẹun tán, ó jókòó ti fóònù rẹ̀. Ọmọ yín ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé "I love you". Òun kọ́ ló ronú rẹ̀. Ó rà á ni, fọ́máàtì ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀, tó kàn ń dà kọ. Opó náà kì í ṣe olólùfẹ́ fún un, kíláyẹ́ǹtì ló ń jẹ́. Obìnrin yẹn gbọ́ "love" bí ẹni tó ti ní ọkọ rí, tí ọkọ kú, tí ilé dá ṣe ń gbọ́ ọ. "Mo fẹ́" tó wà lọ́kàn ọmọ yín ni ti mo fẹ́ owó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀ láti òkè òkun dé ìhín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò tó láti gba èrò méjì tí kò mọ ara wọn ló sì ṣe ń pa owó.

Owó náà pọ̀ púpọ̀. Àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò pé ní 2022 nìkan, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta àbọ̀ ènìyàn ló wá fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n fi ìfẹ́ lu àwọn ní jìbìtì, owó tí wọ́n pàdánù sì lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, ó tó 1.3 bílíọ̀nù. Kì í ṣe àwọn ọmọ wa nìkan ló ń ṣe é, gbogbo ayé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń kó lọ síwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣogbo, ọmọ wa ni wọ́n. EFCC, àjọ tó ń mú oníjìbìtì, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003, kì í ṣe òun ló tọ́ wọn. Ní 2019, EFCC yìí kan náà kéde pé àwọn ìyá ọmọ Yahoo, bí a ṣe ń pe àwọn oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́. Nígbà tí mo gbọ́, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí pé èwo ni kò ní ẹgbẹ́ nínú ayé Yorùbá? Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó pé kí ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ níbi ìpàdé. Ó dá mi lójú pé ẹnìkan á ti dìde níbẹ̀ pé: ọmọ mi fẹ́ràn mi. Ó kọ́lé fún mi. Ó ra mọ́tò fún mi. Ẹ̀rí rẹ̀ á sì wà níta gbangba, wọ́n gbé e sí àyè ìgbọ́kọ̀sí.

Ta ló kọ́ ọmọ yẹn pé mọ́tò ni ìfẹ́? Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ó ti wà nínú ilé láti ọjọ́ tí a ti ń fi wé ọmọ alájọgbélé tó ti "ṣe nǹkan" fún ìyá rẹ̀. Ó ti rí i pé ọjọ́ tí òun bá mú nǹkan wálé ni ojú wa ń mọ́ sí òun. Ọmọ tí a kò kẹ́, tí a kàn ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ìfẹ́ ti di ọjà lójú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kò wá sí ohun tó burú jù lójú rẹ̀ bí ó bá tà á fún opó New York.

Àwọn kan á ní, ṣé kì í ṣe ohun tí ọmọ ń ṣe fún bàbá náà ni Ọbòkun ṣe? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ìtàn ní ojú Odùduwà fọ́, Ifá ní omi òkun ni yóò là á. Nínú gbogbo ọmọ, Ajíbógun nìkan ló gbà láti lọ bù ú. Ó pẹ́ débi pé wọ́n rò pé ó ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pín ogún, olúkúlùkù gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó dé, wọ́n fi omi náà wẹ ojú bàbá, bàbá ríran. Idà ló kù tí bàbá rí fún un. Omi òkun tó bù yẹn la fi ń pe Ọwá Iléṣà ní Ọbòkun títí di òní. Lóòótọ́, ó mú nǹkan wálé. Ṣùgbọ́n kí ló mú wá? Omi iyọ̀. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á, ẹni tó bá dé etí òkun á bù ú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rà á. Ojú bàbá kan pàtó, tó mọ̀, ló sì gbé e lọ bá. Kò sí opó ibì kan tó ń sunkún nítorí pé Odùduwà ríran. Ẹ tún wo àwọn tó dúró sílé: àwọn ló pín dúkìá. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ dá mi lóhùn. Ẹ ní bí a bá kẹ́ ọmọkùnrin, yóò di àkẹ́bàjẹ́. Àwọn àgbà ti dáhùn ìyẹn: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjì ni wọ́n kà. Àkẹ́bàjẹ́ ni ọmọ tí wọ́n fi òsì fà mọ́ra láìsí ọ̀tún, àwọn tí mò ń rí nílé ẹjọ́ sì jọ ẹni tí wọ́n fi ọ̀tún nà tí òsì gbàgbé. Ẹ jókòó ti ọmọkùnrin yín. Ẹ bá a gé irun, ẹ bá a wo bọ́ọ̀lù Arsenal tó "love" yẹn, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń gbá a. Ẹ fún un ní oríkì bí kò bá ní, ẹ sì máa fi pè é kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́. Bó bá mú ẹ̀bùn wálé tó ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ẹ má tíì gbàdúrà sí i lórí. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo ló ti rí i, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ìbéèrè yẹn ń korò lẹ́nu òbí tí ebi ń pa, mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí ìwọ̀n ṣe máa ń le fún ìyá tó mọ̀ pé ọmọ rù.

"I love you" tí wọ́n ń sọ lórí fóònù ńkọ́? Ẹ dá wọn lóhùn o. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ lójú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ" kò pa àgbà kankan rí. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe lé e ni pé kí ẹ tún bi í bóyá ó ti jẹun, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń parọ́ nídìí ìyẹn nílé ìwé gíga, ohùn wọn á sì sọ fún yín.

Ó wá ku àwọn ọmọbìnrin, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ UNIOSUN tàbí Yunifásítì Iléṣà, tí ọmọkùnrin máa ń ki "I love you" mọ́lẹ̀ fún kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń kọ́ wọn. Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún ẹ, ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Bó bá jẹ́ ọmọ Igbo tàbí Hausa, kó sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó fúyẹ́ lẹ́nu bíi pé kò sí ìdílé lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó bá la ẹnu, tó ní "mo fẹ́ ọ", òun fúnra rẹ̀ á gbọ́ ìbéèrè tó tẹ̀ lé e: láti fi ṣe kí ni? Á rí àwọn àgbà tó jókòó, á rí ìdána, á rí ìyá tirẹ̀ tó ń bi í pé ọmọ ta ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa kúkú sọ fún ẹ pé àwọn ń ṣeré ni, ẹ ó sì jọ máa ṣe ọ̀rẹ́ yín lọ, ọ̀rẹ́ náà dára.

Mo sọ èyí fún àwọn ọmọbìnrin kan láìpẹ́, ẹ̀rín pa wọ́n. Ọ̀kan ní, "Mà, tó bá wá lè sọ ọ́ ńkọ́?"

Mo ní kó mú un wálé, kó wá tún un sọ níwájú bàbá rẹ̀.